Ẹ mú ẹyọ kan, kẹ́ ẹ dúró tì í: bẹ́ ẹ ṣe lè wo àwòrán, ka ìwé, kẹ́ ẹ sì rí èrò tó wà nídìí ẹ̀

Àwọn tó ń sọ fún mi pé àwọn fẹ́ mọ̀ nípa àwòrán, ìwé tuntun, orin àti gbogbo èrò táwọn èèyàn ń jà sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ gan-an, wọ́n á ní àwọn ò kàn mọ ibi táwọn á ti bẹ̀rẹ̀ ni. Tí mo bá wá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ti gbìyànjú, ẹ máa gbọ́ pé wọ́n ti ṣí ìwé mẹ́fà tí wọn ò parí ọ̀kankan, wọ́n ti tọ́jú àìmọye fídíò sórí fóònù, wọ́n ń tẹ̀lé ayàwòrán tó lé lọ́gọ́rùn-ún lórí Instagram, síbẹ̀ kò sí ẹyọ kan tí wọ́n lè sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko. Nǹkan ò wọ́n wọn o, ó pọ̀ jù ni, ojú wọn kàn ń gba orí gbogbo ẹ̀ kọjá bí ìgbà téèyàn bá ń wo igi látojú fèrèsé mọ́tò tó ń sáré.

Mi ò ní ní kẹ́ ẹ tún wá nǹkan kún un. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kẹ́ ẹ mú ẹyọ kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ àwòrán, ìwé, orin tàbí ọ̀rọ̀ kan tó ń jà ràn-ìn, kẹ́ ẹ dúró tì í kọjá ibi tó ti máa ń sú yín, kẹ́ ẹ wá máa fa okùn tó bá yọ lára ẹ̀ títí tó máa fi mú yín dé ibi tẹ́ ẹ ò lérò.

Ojú lẹ máa fi wò ó, ẹ má tíì fi etí wò ó

Ẹ jẹ́ ká fi àwòrán kan táyé mọ̀ dáadáa ṣe é, Guernica tí Pablo Picasso yà ní 1937. Ẹ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ ṣí i lójú kọ̀ǹpútà tó bá wà ńtòsí, torí ojú fóònù ti kéré jù fún un, àwòrán náà gan-an ga tó mítà 3.5, ìbú ẹ̀ sì lé ní mítà 7.7, odindi ògiri ni. Ẹ ṣètò aago fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ má ka nǹkan kan nípa ẹ̀ o, ẹ má tíì lọ sí Wikipedia, ẹ má bi ẹnikẹ́ni. Ẹ mú bébà kẹ́ ẹ máa kọ ohun tójú yín rí sílẹ̀, ohun tójú rí nìkan. "Ẹṣin kan la ẹnu", ojú ló rí ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá kọ "ìyà", ìtumọ̀ lẹ ti kọ yẹn, ẹ fi ìtumọ̀ sílẹ̀ ná.

Ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ á rọrùn, ẹ máa rí ẹṣin, akọ màlúù, obìnrin tó gbé òkú ọmọ lọ́wọ́ tó gbójú sókè tó ń ké, ọkùnrin tó nà gbalaja sílẹ̀ pẹ̀lú idà tó ti kán. Tó bá di ìṣẹ́jú kẹta ó máa ń ṣe èèyàn bíi pé ó ti tán, ọwọ́ á máa yún yín láti gbé fóònù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde. Ìgbà yẹn gan-an ni wíwò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, torí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó máa tó bí ìṣẹ́jú kẹfà kẹ́ ẹ tó rí ẹyẹ kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ sínú òkùnkùn láàárín akọ màlúù àti ẹṣin, ẹ máa rí òdòdó kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ tó di idà mú, gílóòbù iná tó dà bí ojú lókè, obìnrin tó na fìtílà jáde lójú fèrèsé. Ẹ máa wá rí i pé kò sí pupa níbẹ̀, kò sí àwọ̀ ewé, dúdú, funfun àti àwọ̀ eérú ni gbogbo ẹ̀. Èyí tó pẹ́ jù kí n tó rí, tó sì ya mí lẹ́nu jù, ni pé ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù ni wọ́n ní àwòrán yìí ń sọ, síbẹ̀ kò sí bọ́ǹbù ńbẹ̀, kò sí ọkọ̀ òfurufú, kò sí sójà ọ̀tá kankan. Àwọn tí wọ́n ṣe é sí nìkan ló wà ńbẹ̀.

Báyìí lẹ wá lè lọ kà nípa ẹ̀, torí ẹ ti ní ìbéèrè tiyín lọ́wọ́, ẹ ò ní kàn gbé ohun tí wọ́n bá sọ fún yín mì. Ní 26 April 1937, ọjọ́ Mọ́ńdè, ọkọ̀ òfurufú àwọn ará Jámánì àti Ítálì tó ń gbè sẹ́yìn Franco, ọ̀gágun tó ń bá ìjọba Sípéènì jagun, lọ ju bọ́ǹbù sí ìlú Guernica ní ilẹ̀ Basque, lórílẹ̀-èdè Sípéènì. Paris ni Picasso tó jẹ́ ọmọ Sípéènì wà. Láti January ni ìjọba Sípéènì tí Franco ń bá jà ti bẹ̀ ẹ́ pé kó ya nǹkan ńlá sí ilé wọn níbi ìpàtẹ àgbáyé tó fẹ́ wáyé ní Paris, kò sì tíì mọ ohun tó máa yà títí ìròyìn yẹn fi jáde nínú pépà. Ọjọ́ kìíní oṣù May ló bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò lórí bébà, nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ June ó ti parí. Ṣé ẹ wá rí bí dúdú àti funfun yẹn ṣe ń sọ̀rọ̀ báyìí, bí fótò inú pépà ìgbà yẹn ṣe rí nìyẹn, tẹ́ ẹ bá sì padà wo ara ẹṣin yẹn ẹ máa rí àwọn ìlà kéékèèké tó tò tẹ̀léra bíi lẹ́tà inú ìwé ìròyìn.

Okùn míì tún rèé. Dora Maar, ayàfótò tó sún mọ́ Picasso, ya fótò àwòrán náà bí Picasso ṣe ń ṣe é lọ, àwọn fótò yẹn sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú èyí tó wà níbẹ̀rẹ̀, ọkùnrin tó sùn sílẹ̀ yẹn na apá sókè, ó di ẹ̀ṣẹ́, àmọ́ Picasso ti pa ẹ̀ṣẹ́ yẹn rẹ́ kó tó parí iṣẹ́. Mo fẹ́ràn irú nǹkan báyìí gan-an, torí ohun tí oníṣẹ́ ọnà yọ kúrò máa ń jẹ́ ká mọ ọkàn ẹ̀ dáadáa. Ẹ bi ara yín, ká ní ẹ̀ṣẹ́ yẹn ṣì wà lókè, ṣé ohun tí àwòrán yẹn ń sọ báyìí náà ni ì bá máa sọ?

Ẹ tún fà á síwájú sí i. Picasso ní àwòrán yìí ò gbọdọ̀ dé Sípéènì títí òmìnira á fi padà síbẹ̀, bó ṣe wà ní músíọ̀mù MoMA ní New York fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn. Picasso kú ní 1973, Franco tó ti gba ìjọba Sípéènì kú ní 1975, 1981 ni àwòrán yẹn tó wọ Sípéènì. Wọ́n tún fi aṣọ híhun ṣe ẹ̀dà ẹ̀ kan, Nelson Rockefeller ló ní kí wọ́n hun ún ní 1955, láti 1985 ni wọ́n sì ti gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà yàrá Ìgbìmọ̀ Ààbò ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ní February 2003, nígbà tí Colin Powell tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ nípa Ìráàkì, wọ́n ta kọ́tìnnì búlúù bò ó. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní torí kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n ni, kí ẹ̀yìn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ má bàa dàrú. Àwọn míì ò gbà, wọ́n ní kò ní bójú mu kéèyàn máa sọ̀rọ̀ ogun níwájú ìyá tó ń sunkún ọmọ ẹ̀. Àwòrán tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ni nígbà yẹn o, síbẹ̀ ó di dandan kí wọ́n wá aṣọ bò ó. Ẹ rí i pé látorí ẹṣin àti gílóòbù la ti bẹ̀rẹ̀, a ti wá dé ìdí ọ̀rọ̀ ta ló lè fi nǹkan hàn, ta ló lè fi pamọ́. Ohun tí mò ń pè ní fífa okùn nìyẹn.

Ẹ bèèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é

Nínú músíọ̀mù tàbí gálárì, bébà kékeré kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹni tó ṣe é ló máa wà lókè, ọdún, lẹ́yìn náà ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fo ìlà ohun èlò yẹn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń pọ̀ sí jù nínú iṣẹ́ òde òní. Ẹ wo El Anatsui, ọmọ ilẹ̀ Gánà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka. Téèyàn bá rí iṣẹ́ ẹ̀ lókèèrè, aṣọ ńlá tó ń kọ mànà ló máa pè é, àfi tó bá súnmọ́ ọn ló máa rí i pé ìdérí ìgò ọtí ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdérí tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi wáyà bàbà so pọ̀. Kí ló dé tó jẹ́ ìdérí ọtí? Torí pé ọtí wà lára ọjà táwọn òyìnbó fi ń ṣòwò ní etíkun Áfíríkà, òwò yẹn ò sì ṣeé yà kúrò lára òwò ẹrú. Ẹni tó bá fo ìlà ohun èlò yẹn á kàn sọ pé ó rẹwà, ó sì máa lọ. Wọn kì í sì í gbé iṣẹ́ yẹn kọ́ bákan náà ní ibi méjì, ẹni tó ń gbé e kọ́ ló máa pinnu bó ṣe máa ká. Wọ́n fún Anatsui ní àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Oníwúrà fún iṣẹ́ ọjọ́ ayé ẹ̀ ní ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ńlá ti Venice ní 2015.

Yinka Shonibare, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, náà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi inú ìgò ńlá tó gbé sí Trafalgar Square ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2010, ẹ̀dà ọkọ̀ tí Nelson, ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi jagun ni, àmọ́ ó fi áńkárá rán ìgbòkun ẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń pe aṣọ yẹn ní aṣọ Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ bàtíìkì ilẹ̀ Indonéṣíà làwọn ará Họ́láńdì fi ẹ̀rọ ṣe àfarawé ẹ̀, kí wọ́n tó wá rí ọjà tà á sí ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Aṣọ kan péré, ó ti fa ilẹ̀ mẹ́ta pọ̀, ó sì ti da ìbéèrè sílẹ̀ nípa ohun tá a ń pè ní tiwa. Ìlà ohun èlò yẹn, ẹ má fò ó mọ́.

Kíkà méjì ló wà

Èdè wa fún wa ní nǹkan kan níbí tó wù mí púpọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń ka ìwé tá a fi ń ka iye. Ẹ máa ṣe méjèèjì. Ní New York ní 1985, àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọnà kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń pe ara wọn ní Guerrilla Girls, ìbòjú ìnàkí ni wọ́n fi ń bojú kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀ wọ́n. Ohun tí wọ́n ṣe ò le rárá, wọ́n wọ músíọ̀mù Metropolitan lọ, wọ́n sì kà. Wọ́n wá gbé e sórí pósítà ní 1989 pé nínú àwọn oníṣẹ́ ọnà tó wà ní apá iṣẹ́ òde òní, àwọn obìnrin ò tó 5%, ṣùgbọ́n nínú àwọn àwòrán ìhòòhò, 85% ló jẹ́ obìnrin. Kò sí ẹ̀kọ́ yunifásítì nínú ìyẹn, ìka ọwọ́ àti ojú ni. Ẹ̀yin náà lè ṣe é lónìí: nínú fíìmù tẹ́ ẹ bá fẹ́ wò lálẹ́ yìí, ẹ ka iye èèyàn tó ní orúkọ, iye tó sọ̀rọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, ta ló ń kú, ta ló kàn ń ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ ka ìwé tó wà lórí pẹpẹ yín pé mélòó ni wọ́n túmọ̀ látinú èdè míì. Ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu.

Kíkà kejì, ti ìwé, ó fẹ́ sùúrù. Kẹ́ ẹ tó ka ojú ìwé àkọ́kọ́, ẹ ṣí ojú ewé tí wọ́n tẹ ọdún sí, kẹ́ ẹ wo ọdún tó kọ́kọ́ jáde àti ilẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ ìwé tí wọ́n túmọ̀, ẹ wá orúkọ ẹni tó túmọ̀ ẹ̀, torí gbólóhùn ẹni yẹn lẹ fẹ́ kà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ka ojú ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé tó mọṣẹ́ ti kó gbogbo ohun tó ń bọ̀ síbẹ̀, ẹ ò kàn ní mọ̀ nígbà àkọ́kọ́ ni. Ẹ fi pẹ́ńsùlù dání, àmì mẹ́ta péré ti tó: ìlà sábẹ́ ohun tó dùn, àmì ìbéèrè síbi tó rú yín lójú, àgbélébùú síbi tẹ́ ẹ ò gbà fún òǹkọ̀wé. Àgbélébùú yẹn ló ṣe pàtàkì jù, ìwé tí mi ò bá fà á sí ní ẹ̀ẹ̀kan péré, mo máa ń mọ̀ pé oorun ni mo fi kà á. Tí ìwé ò bá wọ̀ yín lára lẹ́yìn ojú ìwé 50, ẹ gbé e sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ̀rí ọkàn ń dà yín láàmú, ó lè jẹ́ ọdún márùn-ún sí i ni àkókò ẹ̀.

Ìbéèrè tó máa ń ṣí ìwé ìtàn sílẹ̀ jù ni: ta ni kò sọ̀rọ̀ nínú ìwé yìí? Ní February 1975, Chinua Achebe sọ̀rọ̀ ní Yunifásítì Massachusetts nípa ìwé Heart of Darkness tí Joseph Conrad kọ. Ìwé yẹn ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà, wọ́n ń kọ́ ọ ní yunifásítì káàkiri, wọ́n ń yìn ín pé ó bu ẹnu àtẹ́ lu ìwà ìkà àwọn òyìnbó ní Kóńgò. Achebe ò sọ pé Conrad ò mọ̀wé kọ. Ó wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tí kò sọ̀rọ̀, ó rí i pé àwọn èèyàn dúdú inú ìwé yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, apá, ẹsẹ̀, ojú àti ariwo ni wọ́n, wọ́n kàn wà bí igbó ṣe wà lẹ́yìn ìtàn òyìnbó. Ìbéèrè kékeré yẹn mú kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìwé yẹn lọ́nà míì, títí dòní tí wọ́n bá ń kọ́ ọ, ọ̀rọ̀ Achebe sábà máa ń tẹ̀lé e. Àwọn kan wà tí wọn ò gbà pẹ̀lú ẹ̀ o, ẹ ka tiwọn náà. Àmọ́ ẹ lè gbé ìbéèrè yẹn lọ sínú ìwé èyíkéyìí.

Okùn èdè náà wà ńbẹ̀. Ngũgĩ wa Thiong'o ti lórúkọ nínú kíkọ ìwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kí ìjọba Kẹ́ńyà tó tì í mọ́lé ní ìparí 1977. Inú ẹ̀wọ̀n yẹn ló ti fi Gĩkũyũ kọ ìwé ìtàn kan sórí bébà ilé ìyàgbẹ́, látìgbà náà ó pinnu pé èdè ìyá òun lòun á máa fi kọ ìtàn. Tẹ́ ẹ bá mọ ìyẹn, ẹ ò ní lè ṣí ìwé Áfíríkà kankan mọ́ láìbèèrè pé èdè wo ni wọ́n kọ́kọ́ fi rò ó.

Orin, fídíò, àti ohun tí wọ́n ń pè ní eré lásán

Inú máa ń bí mi táwọn èèyàn bá sọ pé orin tó gbòde àti fídíò kì í ṣe nǹkan tó yẹ kéèyàn jókòó ronú lé. Ẹ wo híípù-họ́ọ̀pù. Ní 11 August 1973, nínú ilé kan ní Sedgwick Avenue ní Bronx, ní New York, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Cindy Campbell ṣètò pátì kó lè rówó ra aṣọ tó máa wọ̀ lọ sílé ìwé, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Kool Herc ló ń gbé àwo sí i. Kool Herc ti kíyè sí i pé ibi tí ìlù nìkan ti ń dún nínú àwo làwọn oníjó máa ń dúró dè, ó wá lo ẹ̀rọ méjì pẹ̀lú àwo méjì láti mú kí ibẹ̀ gùn sí i. Látinú pátì aṣọ ilé ìwé yẹn la ti wá dé ibi tá a dé yìí. Ẹni tó bá wà ńbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn lè sọ pé eré ọmọdé lásán ni.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ orin dénú, ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kíní ẹ tẹ̀lé ohùn nìkan. Lẹ́ẹ̀kejì ẹ gbàgbé olórin, ẹ tẹ̀lé ìlù àti gìtá báàsì. Lẹ́ẹ̀kẹta ẹ wá ohun àtijọ́ tí wọ́n mú sínú ẹ̀, orin ìgbà kan, ohùn ẹnì kan, àṣà ibòmíì, kẹ́ ẹ wá lọ gbọ́ èyí àtijọ́ yẹn fúnra ẹ̀. Fídíò àti ìpolówó ọjà ní tiwọn, ẹ pa ohùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó wò ó. Láìsí orin ẹ máa rí ẹni tí kámẹ́rà ń sún mọ́, ẹni tó ń gé lórí, irú ilé tó ń fi hàn bíi pé gbogbo èèyàn ló ń gbé irú ẹ̀.

Stuart Hall, ọmọ Jàmáíkà tó lọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Birmingham, kọ nǹkan kan ní 1973 tó ṣì wúlò fún mi lójoojúmọ́. Ó ní ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n kì í kàn ṣe agbè tí wọ́n ń rọ omi sí. Èèyàn lè gba ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ kó gbà á, ó lè gba apá kan kó fi apá kan sílẹ̀ nítorí ohun tójú ẹ̀ ti rí, ó sì lè mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ dáadáa kó wá kọ̀ ọ́ pátápátá. Ẹ mú ìpolówó kan, kẹ́ ẹ wò ó ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kẹ́ ẹ fi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kọ ọ́ sílẹ̀. Ìkẹta kọ́ ló máa le jù o, ìkejì ni, torí ibẹ̀ lẹ ti máa sọ òtítọ́ nípa ohun tó wù yín nínú nǹkan tẹ́ ẹ ò fara mọ́.

Ọ̀rọ̀ tó ń jà ràn-ìn

Èrò nípa àwùjọ máa ń dé ọwọ́ wa gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ yẹn á ti rìn jìnnà, àwọn kan á ti sọ ọ́ di èébú, àwọn kan á ti sọ ọ́ di àsíá. Kẹ́ ẹ tó gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ẹ wá ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ lọ, kẹ́ ẹ sì bèèrè pé ìṣòro wo gan-an ló wà níwájú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ ká mú intersectionality tí gbogbo èèyàn ń jù síra wọn, ìyẹn èrò pé ìyà tó ń jẹ èèyàn lè ti ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ wá lẹ́ẹ̀kan náà. Kimberlé Crenshaw, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin ní Amẹ́ríkà, ló mú un wá ní 1989, ẹjọ́ ilé iṣẹ́ ló sì ń yẹ̀ wò. Àwọn obìnrin dúdú márùn-ún ti pe ilé iṣẹ́ General Motors lẹ́jọ́, nígbà tí iṣẹ́ fà sẹ́yìn ni wọ́n ní kẹ́ni tó dé kẹ́yìn kọ́kọ́ máa lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn obìnrin dúdú ló dé kẹ́yìn torí wọn ò gbà wọ́n síṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní 1976 kóòtù ní àwọn ò lè gba ẹjọ́ wọn bẹ́ẹ̀: ilé iṣẹ́ yẹn gba obìnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òyìnbó ni wọ́n, ó sì gba èèyàn dúdú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin ni wọ́n, ẹ̀tọ́ obìnrin dúdú gẹ́gẹ́ bí obìnrin dúdú ò sí nínú ìwé òfin. Crenshaw wá fi oríta ṣàpèjúwe ẹ̀. Ẹni tó dúró láàárín oríta, mọ́tò lè gbá a láti ọ̀nà kan, ó lè gbá a láti ọ̀nà kejì, ó sì lè jẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣé ẹ rí bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe kéré, tó sì ní ojú ibi kan pàtó tó ń wò, nígbà tó bẹ̀rẹ̀? Ẹ ṣì lè má fara mọ́ ohun táwọn èèyàn fi ń ṣe lónìí, ìyẹn ò burú, ó kéré tán ẹ máa mọ ohun tẹ́ ẹ ń bá jà. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wá ẹni tó mọ̀wé jù nínú àwọn tó ta kò ó, ẹ má wá ẹni tó pariwo jù, kẹ́ ẹ kọ àtakò ẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà tí òun fúnra ẹ̀ tó bá kà á á fi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo sọ nìyẹn. Tẹ́ ẹ ò bá lè ṣe ìyẹn, ẹ ò tíì mọ ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ dúró díẹ̀ sí i.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa rí wọn

Owó ò gbọdọ̀ dí yín lọ́wọ́. Project Gutenberg ti wà láti 1971, ìwé tí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti kúrò lórí ẹ̀ ló kún ibẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Internet Archive, ilé ìkàwé ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì, náà wà láti 1996. Músíọ̀mù Metropolitan gbé àwòrán tó lé ní 375,000 sílẹ̀ ní 2017 fún ẹnikẹ́ni láti lò bó ṣe wù ú, lórí Google Arts & Culture sì rèé, ẹ lè sún mọ́ àwòrán débi tẹ́ ẹ máa rí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ti kọjá, èyí tí ẹ̀ṣọ́ músíọ̀mù ò ní gbà kẹ́ ẹ ṣe. Ìwé òǹkọ̀wé tó ṣì wà láyé, ẹ rà á tàbí kẹ́ ẹ yá a nílé ìkàwé, ẹ má wa ẹ̀dà tí wọ́n jí tẹ̀, iṣẹ́ òòjọ́ ẹnì kan ni.

Àwòrán ayédèrú ti pọ̀ gan-an báyìí, kọ̀ǹpútà ń ya fótò ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí, wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ sí ẹnu àwọn èèyàn ńlá tí wọn ò sọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá rí àwòrán kan tó mú yín lọ́kàn, ẹ gbé e sínú ibi tí wọ́n ti ń fi àwòrán wá àwòrán, kẹ́ ẹ wo ibi tó ti kọ́kọ́ jáde. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kan, ẹ bèèrè ìwé àti ọdún. Tí kò bá ní ìwé tí kò ní ọdún, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ má dá a ṣe

Ẹ wá èèyàn méjì tàbí mẹ́ta, ẹ má jẹ́ kó ju márùn-ún lọ torí tó bá ti pọ̀ ẹnì kan á máa sọ̀rọ̀ àwọn tó kù á máa mi orí. Ó dáa kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí ọjọ́ orí ẹ̀ jìnnà sí tiyín. Ẹyọ nǹkan kan lẹ máa mú fún ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo yín á ti wò ó tàbí kà á kẹ́ ẹ tó pàdé, kálukú á mú bébà ẹ̀ dání. Òfin kan ṣoṣo tí mo máa ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n tẹ̀lé ni pé ní ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ pé ó dáa tàbí kò dáa, ohun tó rí nìkan ni kó sọ. Ẹnì kan á ní òun rí òdòdó, èkejì á ní òdòdó wo, wọ́n á jọ padà lọ wò ó. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lè wá máa jiyàn bó ṣe wù yín, kẹ́ ẹ tó túká kálukú á sọ okùn kan tó fẹ́ fà, ẹni tí tiẹ̀ bá mú ìbéèrè wá jù ló máa yan ohun tẹ́ ẹ máa mú lọ́sẹ̀ méjì tó ń bọ̀.